Abọ́ Ìkọ́kọrẹ́ Tí Mo Dá Padà

Mo ti gbé oríṣiríṣi ẹrù lé itan rí nínú mọ́tò, àmọ́ abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tó ti di yìnyín, tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ìdérí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbé ìyẹn, láti Òkè-Àgbò títí dé ẹ̀gbẹ́ Abigi. Ojú ń tì mí ní gbogbo ọ̀nà. Mi ò sì ní kí dírẹ́bà yí mọ́tò padà.

Ilé iṣẹ́ kan láti òkè òkun ló gbà mí síṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti fi ṣe sítáàṣì, ọ́fíìsì wọn sì wà ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò jìnnà sí ilé wa. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gba rìbá, kó má sì fún èèyàn. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìjọ Áńgílíkà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n ní kó o máa ṣọ́ ìwà? Ìwọ tó o máa ń sùn bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù?" Mo ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi dán mi wò, bí mo bá yege, iṣẹ́ di tèmi.

Òfin wọn rọrùn. Ohunkóhun tó bá ti ju bírò tàbí fìlà lọ, ẹ̀bùn tó lè yí èèyàn lọ́kàn padà ni, kí á dá a padà fún ẹni tó fún wa.

Ní oṣù kejì, èmi, dírẹ́bà àti ọ̀gá wa tó jẹ́ òyìnbó lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Abigi, láti bá àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ ṣe àdéhùn. Olórí wọn ni màmá àgbà kan, opó, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Kò sí ìkórè tí wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí kì í ṣe òun ló dáná rẹ̀. A sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọ̀, ó ku kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Bí a ṣe fẹ́ máa lọ ni màmá gbé abọ́ onídèérí kan jáde, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀ nínú mọ́tò. Ìkọ́kọrẹ́ ni, ewùrà tuntun, ẹja gbígbẹ láti inú odò wọn. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo inú mọ́tò, ọ̀gá wa sì ti ń nawọ́. Èmi ni mo sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án.

Mo lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, mo gbé e sínú fíríìsà ọ́fíìsì, mo sì kọ̀wé sí òkè òkun. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n bu ṣíbí kan pamọ́ sínú fíríìsà fún ẹ̀rí, kí n dá ìyókù padà pẹ̀lú lẹ́tà ìdúpẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mi ò lè purọ́ pé mi ò mọ̀. Ẹni tó bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ àgbàlagbà obìnrin, tó wá gbé e padà láìjẹ, ó ti sọ ohun tó rò pé ó wà nínú rẹ̀, kò dìgbà tó bá la ẹnu. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Oṣù kan ló kù fún mi, ni mo ṣe gbé e lọ.

Àwọn obìnrin náà ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí màmá ṣí abọ́. Ó rí ojú ibi tí ṣíbí ti bù ún, ojú rẹ̀ sì tú ká díẹ̀.

Ó ní, "Ta ló tọ́ ọ wò?"

Mo kúnlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò, mà. Ó wà nínú fíríìsà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀rí ni, mà."

Ó dé abọ́ rẹ̀ padà. Gbogbo àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ ló gbọ́ ọ.

Dírẹ́bà wa ní àna lábúlé náà, òun ló mú ìròyìn wá. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, màmá dáná fún àwọn tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aláàwẹ̀ ní àwọn ti yó. Gbogbo wọn pátá ló yó. Màmá gbé ìkòkò rẹ̀ padà sílé bó ṣe gbé e wá, ó sì ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, òun ò ní tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́ láéláé. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò tọwọ́ bọ ìwé kankan àfi bí a bá wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn náà ò sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ o.

Mo tún kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ náà ba àwọn ará òkè òkun lọ́kàn jẹ́ gan-an. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ìyẹn ló tiẹ̀ jẹ́ kó le. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí bíbọ̀wọ̀ fún àṣà, ìgbìmọ̀ sì ní kí n gbé ṣíbí ẹ̀rí lọ fún àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò ní Àgọ́-Ìwòyè. Èsì jáde: kò sí májèlé, epo rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kí n fi férémù sí i bíi fọ́tò ìgbéyàwó, kí n kà á níwájú ìjọ. Mo kà á. Àwọn tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin kan lẹ́yìn béèrè pé bí wọn ò bá fura, kí ni wọ́n wá ń yẹ̀ wò.

Màmá gba férémù náà lọ́wọ́ mi. "Epo mi pọ̀?" ló bi mí. Ó dà bíi pé ìyẹn dùn ún ju májèlé lọ.

Ìgbìmọ̀ tún jókòó. Wọ́n rí i pé oúnjẹ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ fún gbogbo èèyàn kì í ṣe ẹ̀bùn, wọ́n wá kọ ìwé àṣẹ fún ọ̀gá wa, òun nìkan, pé kó jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ ìkórè.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá wa bọ́ bàtà, wọ́n yá a ní sùtánà kan tó mọ ní orúnkún rẹ̀. Ìkòkò màmá dá dúró lábẹ́ igi, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ọ̀gá wa jẹ abọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ìjọ jókòó, wọ́n ń wò ó. Ata ta á lẹ́nu, ojú rẹ̀ pọ́n, àwọn èèyàn dìde. Ó mu omi, ó ní kí wọ́n tún bu sí i, wọ́n tún jókòó. Abọ́ mẹ́ta ló jẹ. Wòlíì bi í ní ẹ̀ẹ̀mejì bóyá òòyì ń kọ́ ọ. A dúró títí oòrùn fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Bàbá kan ní iwájú ló wá dá ẹjọ́ náà. Ó ní, "Òyìnbó ni. Nǹkan tiwa éè ràn wọ́n."

Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Bí abọ́ mẹ́ta ṣe ṣòfò nìyẹn. Ni ojú wọn bá yí sọ́dọ̀ mi.

Mo ní orúkọ mi ò sí nínú ìwé àṣẹ. Mo sọ ọ́ síta, ketekete, níwájú ìjọ Ọlọ́run.

Màmá dúró ti ìkòkò rẹ̀, ìgbakọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo.

"Òyìnbó éè mọ̀," ló sọ. "Ùwọ mọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀, ó bu fún mi. Ó ti tutù, ó sì dùn. Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi, ni àwọn tó wà lẹ́yìn bá ń sọ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ o. Mo fi ìka nu abọ́ náà mọ́, mo gbé e sókè kí wọ́n rí i. Ó pẹ́ díẹ̀, obìnrin kan mú abọ́ tirẹ̀ wá. Òmíràn tẹ̀lé e. Kí n tó fọ ọwọ́ mi, wọ́n ti ń fa ìgbakọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ẹjọ́ ara mi sínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n bi mí níbẹ̀ pé ǹjẹ́ mo kọ́kọ́ kọ oúnjẹ náà. Mo kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn yẹn ló gbà mí sílẹ̀: wọ́n fìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ní bí mo ṣe dá a padà nígbà àkọ́kọ́ wú àwọn lórí. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì fi han bàbá mi.

Àwọn obìnrin náà tọwọ́ bọ̀wé. Bí mo bá dé abúlé wọn báyìí, màmá máa ń bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, mo sì máa ń jẹ ẹ́ tán níwájú rẹ̀. Ó ti dín epo rẹ̀ kù.