Síkẹ́ẹ̀tì Oníjó

Àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Ìkẹ́nnẹ́ kì í jẹ́ ká gbé àbẹ́là sún mọ́ aṣọ nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní, “Iná ìtàgé pa oníjó bálẹ̀ẹ̀ òyìnbó, àwọn tó ń fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ jó, púpọ̀ láyé síkẹ́ẹ̀tì gígùn, kí wọ́n tó wá gé e kúrú kí ẹsẹ̀ lè hàn.”

Síbẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì nẹ́ẹ̀tì gígùn ni wọ́n rán fún ọmọbìnrin wọn tó fẹ́ jó níléèwé. Ó bẹ̀bẹ̀, “Mọ́mì, ẹ gé e.” Wọ́n ní kò bójú mu.

Àìsàn mú un lọ ṣáájú ọjọ́ ijó. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ, àwa la lọ sin ín. Ká tó gbé òkú ẹ̀ lọ, Àǹtí mi gé síkẹ́ẹ̀tì náà kúrú, wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́ fún òkú ọmọ náà.

Nígbà tí mo ti ibi ìsìnkú dé, wọ́n kàn bi mí pé, “Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ hàn?”