Ẹsẹ̀ Bàbá Lára Èèpo Ìwé

Ọ̀rẹ́ mi kò gbà rárá pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ kí ènìyàn máa gbà ka ìwé. Nínú ìwé ìròyìn tí àwa méjèèjì dá sílẹ̀ ní Ajah, kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé ibẹ̀, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀, òun ló ń to ojú ewé. Á fi àkọlé sí ìsàlẹ̀, á dá ọ̀rọ̀ dùbúlẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo á sì gba odidi ojú ewé bí ìkòkò àsè. Ẹni tó bá ń kà á á máa yí ìwé kiri bí ẹni tó ń wa mọ́tò. Mo bá a jà títí ó fi sú mi.

Bàbá kan, olórí ẹbí onílẹ̀, ló fún wa ní yàrá tí a ń lò lọ́nà Addo. Lọ́dún náà, ẹsẹ̀ ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì pẹ́ nílé ìwòsàn ní Èkó. Nígbà tí wọ́n dé, bàtà olókùn tó bo ẹsẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń wọ̀, ilé ni wọ́n sì ti ń kírun, wọn kì í lọ bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí mọ́. Ni ẹnu bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní dókítà ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún, pé igi ló wà nínú bàtà. Nínú ẹbí yẹn, ẹni tí ẹ̀yà ara rẹ̀ bá dín kì í ṣe olórí. Àbúrò Bàbá ti ń wo ipò náà tipẹ́, òun ló sì pe ìpàdé ẹbí láti yan olórí tuntun.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣáà bọ́ bàtà kí wọ́n rí i."

"Èmi? Kí n bọ́ bàtà fún àwọn ọmọ tí mo sọ lórúkọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Fótò ni Bàbá fẹ́, kó jáde nínú ìwé wa kí ìpàdé tó dé. Ayafótò wá láti Èkó. Bàbá jókòó bí àgbà ṣe ń jókòó: agbádá bo àga, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì láìwọ bàtà lórí ẹní. Ẹsẹ̀ pé. Àpá ńlá kan ló kàn wà lára ọ̀tún.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ewé dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ojú Bàbá nìkan ló kún ewé méjì, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi ti fi sísọ́ọ̀sì gé fótò náà.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìgbátí lọ́wọ́ mi.

Bàbá wò ó títí. "Ẹsẹ̀ mi dà?"

Èèpo ìwé nìkan ni wọn kò tíì tẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi bá he ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ti gé sọ nù nílẹ̀, ó fi í kún gbogbo èèpo náà, ó wá tẹ orúkọ ìwé wa tín-ń-tín sáàárín àwọn ọmọ ìka. Mo ní ta ló ń gbé ẹsẹ̀ àgbà ṣíwájú orí rẹ̀? Ṣùgbọ́n Bàbá fi ìka ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìpàdé, àbúrò wọn gbé ìwé sókè.

"Ẹsẹ̀ ta nìyí? Ẹsẹ̀ tí kò ní ojú, ta ló mọ ẹni tó ni ín?"

Gbogbo ilé kùn. Àwọn tó wá gbè sẹ́yìn Bàbá pàápàá ń wo ilẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n tú okùn, wọ́n bọ́ bàtà ọ̀tún, wọ́n gba ìwé, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ wọn lé e, àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá. Nígbà tó yá, àbúrò wọn dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bàbá ni olórí ẹbí títí wọ́n fi kú.

Nígbà tí èrò túká, Bàbá fẹ́ wọ bàtà padà, okùn kò ṣe é so fún wọn. Ọ̀rẹ́ mi, tí kì í tẹ̀lé òfin ẹnikẹ́ni, kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó mú ẹsẹ̀ náà.

"Ẹ bọ́ mi síhòòhò lójú àwọn ọmọ tí mo sọ lórúkọ," Bàbá wí, wọn kò wo ojú ẹnì kankan nínú wa.

Ọ̀rẹ́ mi so okùn náà.