Lábẹ́ Kíjìpá Ìyá Mi

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo sọ pé n ó lò ní Ọ̀kà. Ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì sì pè mí láti Èkó. Wọ́n ní èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, kí n lọ máa bá a gbé títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Mo di aṣọ mẹ́rin sínú báàgì, mo ti ilé mi ní Ìkàrẹ́, mo lọ. Ọdún kẹrin rèé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ilé mi kò jìnnà. Ìkàrẹ́ náà ni mo ti ń ṣe olùkọ́. Láràárọ̀ ni mò ń wọ mọ́tò láti Ọ̀kà, tí mò ń kọjá níwájú ilé tí èmi àti ọkọ mi kọ́ kí ó tó kú. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú báàgì mi, koríko sì ti ń bo ẹnu ọ̀nà. Tí iléèwé bá parí, n ó tún kọjá níwájú rẹ̀ padà, n ó sì máa wo ẹ̀gbẹ́ kejì títì.

Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí. Ì bá sàn kí ó máa dùn mí, n bá mọ oògùn tí n ó lò sí i. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, nǹkan kan a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ojúgun mi, bí ẹni pé ìjàlọ wọ inú eegun, kò sì ní dáwọ́ dúró àfi kí n ká ẹsẹ̀, kí n nà án, kí n fi gbá ògiri, tàbí kí n dìde máa rìn. Ibo ni mo fẹ́ rìn dé? Yàrá kan náà ni èmi àti ìyá mi ń sùn, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà, torí ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí òun má tún ṣubú. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun wà létí. Kí n tó lè sọ̀kalẹ̀, àfi kí n gba orí rẹ̀ kọjá.

"Ùwọ ọmọ yìí," ìyá mi á wí, "ẹsẹ̀ rẹ ti gbá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ẹṣin ni ọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

N ó wá na gbalaja bí igi, n ó máa wo òrùlé, omi á sì máa bọ́ lójú mi. Inú ń bí mi. Kí n má purọ́, ìyá mi tí kò ṣẹ̀ mí gan-an ni inú ń bí mi sí.

Aládùúgbò wa ní kí n gbààwẹ̀, pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìkàrẹ́ ní kò sí ọ̀tá níbẹ̀, àìsàn tí àwọn mọ̀ ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, ó fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó sì ní kí n yé mu tíì ní ìrọ̀lẹ́. Ó dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan níléèwé wa ló wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń rán ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí ó lè wúwo. Ó ní bí ìwúwo náà bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ara ẹlòmíì máa ń balẹ̀, oorun á sì wá. Mo bi í pé èló ni. Nígbà tó sọ ọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì dá fóònù rẹ̀ padà fún un.

Ṣé ẹni tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ kò ní ẹ̀wà ni? Mo da ẹ̀wà sínú ìró àǹkárá àtijọ́ kan tí mo ṣẹ́ po, mo rán an ní ìlà-ìlà kí ó má baà kó jọ sójú kan, mo fi bo ẹsẹ̀ mi. Ó ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo sùn bí ọmọ ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú ẹ̀wà. Èmi tí mò ń sá fún ohun tó ń rìn nínú ẹsẹ̀ wá ní èyí tó ń rìn lórí rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo ní kí n fi iyanrìn rọ́pò ẹ̀wà, ó ní òun kò ní bá mi sùn sínú iyanrìn nígbà tí òun kò tíì kú.

Ìgbà náà ni mo rántí kíjìpá rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi hun aṣọ náà nígbà tó ṣì ń ríran dáadáa, lórí òfì tí wọ́n gbé dúró ti ògiri. Òwú rẹ̀ nípọn, bí o bá gbé e lé èjìká, o ó mọ̀ pé o gbé nǹkan. Ìsàlẹ̀ àpótí ló wà, gbogbo ilé ló sì mọ ohun tó wà fún: òun ni a ó fi sin ín. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi.

"Aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ bá bàbá rẹ," ó ní, "òun lo fẹ́ máa fi gbá ògiri?"

Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní ẹsẹ̀ òkú kì í kúkú rìn.

Lọ́jọ́bọ̀, aládùúgbò wa máa ń mú un lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti aago mẹ́ta sí márùn-ún. Bí wọ́n ti yà lójú títì lọ́jọ́bọ̀ kan, mo ṣí àpótí. Mo tẹ́ kíjìpá náà lé ẹsẹ̀ mi ní ìṣẹ́po mẹ́rin. Ìwúwo rẹ̀ rọra bà lé mi, ẹsẹ̀ mi dákẹ́, mo sùn. Kí aago márùn-ún tó lù, mo ti ká a padà bó ṣe wà. Ọjọ́bọ̀ mọ́kànlá ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọmọ iléèwé ń dọ̀bálẹ̀ fún, ló ń jí aṣọ òkú ìyá rẹ̀ bora.

Lọ́jọ́bọ̀ kejìlá, ìpàdé tètè túká. Igbe aládùúgbò wa ló jí mi. Òtútù mú lọ́jọ́ náà, mo ti tú kíjìpá sílẹ̀, mo fà á dé àgbọ̀n, mo na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n rò pé mo ti kú.

Ìyá mi fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ rìn wá. Ó fọwọ́ kan ojú mi, ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó wá gbá mi létí. Aládùúgbò wa rọra jáde.

"Ùwọ lo fẹ́ kọ́kọ́ lọ ni?"

"Oorun ni mò ń sùn, Màmá." Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, èmi sì ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́rin. "Mo fẹ́ lọ sílé mi. Mo fẹ́ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi, kí n na ẹsẹ̀ síbi tó bá wù mí."

Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló wá dá ọ dúró?"

"Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní n kò gbọdọ̀ fi yín sílẹ̀."

"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ?" Ó pàtẹ́wọ́. "Èmi ni wọ́n sọ fún pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí o lọ! Wọ́n ní láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti kú, ìrònú lè pa ọ́ tí o bá dá gbé ulé yẹn. Wọ́n ní kí n máa sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ọdún mẹ́ta ni ùwọ fi ń ta mí nípàá lórí bẹ́ẹ̀dì mi, tí mò ń fara dà á!"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo sì ṣépè fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi sì ṣe àmín kí ó tó rántí pé ọmọ òun ni wọ́n.

A fi ìlọ mi sí ọjọ́ Sátidé. Òun fúnra rẹ̀ ló ká kíjìpá náà sínú báàgì mi. "Ọjọ́ tí mo bá kú, wàá gbé e wá," ó ní. "Kí o sì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́."

Ní Sátidé, mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká nígbà tó dìde lórí àga. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó ní kí n máa wo òun. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó rìn padà dé àárín yàrá, kò di nǹkan kan mú. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ìró rẹ̀ ń gbọ̀n níbi orúnkún. N kò wá mọ èwo ni ẹ̀tàn mọ́, ẹ̀rù tó ní ó ń ba òun fún ọdún mẹ́rin ni àbí ìrìn tó rìn yìí.

"Màmá, ẹ jókòó."

"N ò jókòó. Máa lọ ná. Tí mo bá jókòó báyìí, ùwọ náà á jókòó."

Òótọ́ ló sọ. Mo jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé. Mọ́tò Ìkàrẹ́ ń fun fèrè lójú títì. N kò rìn. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń retí kí n gbọ́ kí àga rẹ̀ dún, kí ọkàn mi balẹ̀ kí n tó lọ. Àga kò dún. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé mi pé òun náà dúró nínú ilé lórí ẹsẹ̀ yẹn, ó ń retí kí ó gbọ́ ìró bàtà mi kí ó tó jókòó.