Mọ́tò Tí Wáyà Rẹ̀ Kò Hàn

Iṣẹ́ wáyà ilé ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Ní àdúgbò wa ní Ìjemọ̀, l'Abẹ́òkúta, tó bá fa iná sí ilé kan tán, o ò ní rí wáyà kankan lójú ògiri. Inú páìpù ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà, wọn á sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ pa. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá wa wú ní Ọdẹ́dá, tí dókítà ní kí wọ́n máa wá sí Abẹ́òkúta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Màmá kò lè gun ọ̀kadà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan mọ́tò fúnra rẹ̀. Ara mọ́tò tó ti kú ló ti yọ ẹ́ńjìnnì. Jórinjórin ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló bá a jó irin pọ̀.

Wáyà rẹ̀ ló pẹ́ jù. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú páìpù, ó fi bátìrì sábẹ́ ìjókòó iwájú, ó ní kí wọ́n jó irin bò wọ́n.

Jórinjórin rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá oníwáyà, ṣé mọ́tò lẹ̀ ń ṣe ni àbí ilé lẹ̀ ń kọ́? Ó kù ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ!"

"Ìwọ ṣáà máa jó o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí wáyà mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó mọ́ tónítóní.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi gbé Màmá, èmi ni mo jókòó sẹ́yìn. Màmá ń ki ọmọ wọn níwájú. Ọ̀nà kò dára. Ògiri ilé kì í mì, mọ́tò ń mì. Níbi tí wáyà ti yọ lẹ́nu páìpù, etí irin ń ha á títí tó fi bó, tó sì kan irin. Èéfín yọ lábẹ́ ìjókòó Màmá.

Ẹ̀gbọ́n mi pa kọ́kọ́rọ́, àmọ́ wáyà tó ti inú bátìrì wá kò gba ibi kọ́kọ́rọ́ kọjá. Kò sì sí bí a ṣe lè já a: irin ti bò ó.

Obìnrin kan tó ń ta gààrí lẹ́bàá ọ̀nà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé: "Ẹ̀gbọ́n yín ò sá o. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń fa irin tó ń jó. Mo ń pariwo pé, 'Ìyá ni kí ẹ gbé! Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀!'"

A gbé Màmá jáde. Mọ́tò jó tán. Ẹ̀gbọ́n mi la gbé lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n dá Màmá padà sí Ọdẹ́dá. Màmá ò gbà kí a gbé àwọn lọ rí dókítà mọ́. "Ẹsẹ̀ yìí ti jẹ ọwọ́ ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Kò ní jẹ ẹlòmíràn."

Kí òjò ọdún náà tó dá, a ti sin Màmá.

Ìka ẹ̀gbọ́n mi kò ká mọ́. Ó ní kí jórinjórin gé irin ìsàlẹ̀ mọ́tò náà fún òun. Páìpù ti yọ́ tán. Wáyà wà níhòòhò, ó nà gbọọrọ bó ṣe tẹ́ ẹ.

"Ó gún régé," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Jórinjórin kò rẹ́rìn-ín.