Alùpùpù Yìnyín Tí Mákánjúọlá Lọ Wá Nínú Oòrùn Houston

Ní ọdún 1986, epo rọ̀bì já wálẹ̀ bí ẹni tí igbà já mọ́ lórí ọ̀pẹ, iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní Houston bí irun orí arúgbó. Mákánjúọlá ọmọ Ìkìrun wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ epo ní kó máa lọ sílé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, òpó iná làwọn èèyàn máa kọ́kọ́ kí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti lò nílùú náà. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, ibẹ̀ ló bí Fúnmi sí, kò sì sí ihò tó wà lójú freeway láti Katy dé Rosenberg tí kò mọ̀ bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi wáṣẹ́. Lẹ́tà tó kọ pọ̀ débi pé ẹ̀yìn fẹ́ẹ̀ kán mọ́ apín-lẹ́tà àdúgbò wọn. Níkẹyìn, abúlé kan ní Alaska dá a lóhùn pé àwọn ń fẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ ń bẹ, ilé ń bẹ, ọ̀nà ni kò sí. Oṣù méje ni yìnyín fi máa ń bo ilẹ̀ níbẹ̀, alùpùpù orí yìnyín, èyí tí wọ́n ń pè ní snowmobile, ni tọmọdé tàgbà sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́ àti ilé ìwòsàn. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kó mú tirẹ̀ dání, nítorí ará abúlé àwọn kì í ta tiwọn. Wọ́n á gùn ún títí tí ẹni tó ń gùn ún tàbí alùpùpù náà á fi kú.

Bísọ́lá ìyàwó rẹ̀ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Dádì Fúnmi, mo ti rí i. Ẹ gbọ́ tèmi náà. Bí ẹ bá ra èyí tó máa dákú mọ́ wa láàárín òtútù, èmi ò bá yín lọ. Ẹ máa lọ, èmi àti Fúnmi á dúró síbí."

"Dìgbà wo?"

"Dìgbà tí yìnyín bá yọ́."

"Bísọ́, yìnyín ibẹ̀ kì í yọ́ bọ̀rọ̀."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn nìyẹn."

Báyìí ni ìgbéyàwó ọdún mẹ́fà ṣe wá rọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí.

Inú oṣù August sì ni, nígbà tí aláǹgbá ní láti wá bàtà kó tó lè sọdá títì. Ṣùgbọ́n ẹni bá wá nǹkan yóò rí i. Òyìnbó kan ní Katy, Mista Hálànì, ti wa epo ní Alaska tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun náà, ó kó alùpùpù yìnyín méjì bọ̀ wálé, ó sì polówó wọn nínú ìwé ìròyìn.

Àwọn tó gbé Houston láyé ọjọ́un á rántí pé kò sẹ́ni tó ń dá ra ọkọ̀ àlòkù. Alhaji Nùrúdíìnì, alága ẹgbẹ́ ọmọ Ìkìrun, ní láti bá a lọ. Bí Alhaji bá gbá ilẹ̀kùn mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, á sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, iye ọmọ tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á bí, àti ọjọ́ tó máa bà jẹ́. Àwọn méjèèjì àti Bísọ́lá wá jọ gba Katy lọ.

Abẹ́ àtíbàbà làwọn alùpùpù náà wà. Ọ̀kan pupa, ó ń dán bí ẹní fi òróró pa á lára. Èkejì yẹ́lò, ó ti ṣá, wọ́n sì fi téèpù di ìjókòó rẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Alhaji yí wọn ká lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mákánjú, ilẹ̀kùn rẹ̀ dà?"

"Kò ní ilẹ̀kùn, sà."

"Kí wá ni kí n gbá? A.C. rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń tutù?"

Bísọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. "Alhaji, Alaska là ń lọ o."

"Ìyàwó wa, mo mọ̀. Ọkọ̀ tí kò ní A.C., ta lẹ máa tà á fún lọ́jọ́ iwájú?"

Mista Hálànì fa okùn pupa lẹ́ẹ̀kan péré, bí wọ́n ṣe ń fa ti jẹnẹrétọ̀, ó bú ramúramù. Ó fa ti yẹ́lò, ìyẹn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dáhùn.

"Ó tán," ni Alhaji wí. "Pupa ni."

Ṣùgbọ́n èéfín ti gba imú Mákánjúọlá. Epo àti ọ́ìlì tí wọ́n pò pọ̀ ni, òórùn ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìkìrun gẹ́lẹ́, níbi tí bàbá náà ti ń tún alùpùpù ṣe lábẹ́ igi ọdán, tí òun ń sáré gbé sípánà. Bí wọ́n bá gbé àlòkù wá, bàbá á kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbóná, á ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn ná. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná, irọ́ ló ń pa; bó tilẹ̀ bà jẹ́, á dáhùn." Ọdún márùn-ún ti kọjá tí bàbá náà ti kú, ọmọ rẹ̀ ò sì rí owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sin ín.

Mákánjúọlá gbé ọwọ́ lé pupa, ó fà á padà kíá. Ó gbé e lé yẹ́lò, iná ni. Oòrùn Houston ti sọ méjèèjì di òpùrọ́.

Àgbàlagbà ti sọ̀rọ̀, ta ló máa já a nírọ́? Mákánjúọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré tó lè dín ẹyin.

"Alhaji, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n yàn. Ẹ kàn jẹ́ ká mú wọn tutù ná, kí ọkàn ìyàwó yín lè balẹ̀."

"Dìde, kí àyà rẹ má jóná. Kí la fẹ́ fi mú wọn tutù?"

Yìnyín inú ọ̀rá ni, irú èyí tí wọ́n ń tà nílé epo. Ogún ọ̀rá ni wọ́n rà. Mista Hálànì rẹ́rìn-ín títí bẹ́líìtì rẹ̀ fi tú, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló mú tapólì wá. Wọ́n sin ẹ́ńjìnnì méjèèjì sínú yìnyín, wọ́n sì jókòó tì wọ́n fún wákàtí méjì bí ẹni ń ṣọ́ òkú.

Níbẹ̀ ni ohùn Alhaji ti wálẹ̀. "Ìdílé mọ́kànlá ló ti kúrò nínú ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí. Ìpàdé tí a máa ń kún parlour mi tí àwọn ọmọ á máa ṣeré lórí àtẹ̀gùn, tábìlì ìjẹun kan ti gbà wá tán báyìí. Tí ìwọ akọ̀wé wa bá tún lọ, ta ló máa ka àkọsílẹ̀ ìpàdé fún wa?"

Mákánjúọlá bu yìnyín kún orí ẹ́ńjìnnì. Bísọ́lá ló bu omi yìnyín fún Alhaji mu.

Nígbà tó tó àkókò, Alhaji alára fa okùn pupa. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún fà á, fìlà rẹ̀ bọ́. Mista Hálànì fà á títí ó fi pọ́n ju alùpùpù náà lọ. Pupa dákẹ́ lọ gbári. Mákánjúọlá wá fa yẹ́lò. Ẹ̀ẹ̀kíní, kò mira. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún pùpùpù, omi yìnyín ń kán lára rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní balùwẹ̀.

"Èyí náà ni mo ní lọ́kàn látàárọ̀," ni Alhaji wí.

Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu Mákánjúọlá tí Bísọ́lá fi ní, "Ẹ pa á. Ẹ tún bo yìnyín mọ́ ọn."

"Kí ló dé?"

"Bí àìsàn bá dá yín dúbúlẹ̀ níbẹ̀, ta ló máa gbé yín dé ilé ìwòsàn?"

Wọ́n tún dúró. Lẹ́yìn náà ni Bísọ́lá so gèlè mọ́ ìbàdí, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa okùn. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó fà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, yẹ́lò dáhùn. Ó gun ìjókòó tí wọ́n fi téèpù dì, ó di ọwọ́ alùpùpù náà mú.

"Dádì Fúnmi, ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn."

Mákánjúọlá gùn ún, ó gbá ìbàdí ìyàwó rẹ̀ mú. Wọn ò sún síwájú níwọ̀n ìka kan, nítorí ilẹ̀ Katy ni, kì í ṣe yìnyín. Wọ́n kàn jókòó sínú èéfín náà. Alhaji ń juwọ́ ìdágbére sí wọn láti ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà, bẹ́ẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí ọ̀dọ̀ wọn, kò sì sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.