Ìka Mi Nínú Fọ́tò Ìrẹsì

Nílé wa ní Fẹ́sítáàkì, ìyàwó mi kì í jẹ́ kí a jẹ oúnjẹ Kérésìmesì kí ó tó yà á ní fọ́tò. Yóò fi etí ìró nu àwo, yóò sì kígbe mọ́ mi: "Dádì, ẹ gbọ́wọ́ kúrò! Adìyẹ ò ní fò lọ!"

Lọ́dún kan, olóúnjẹ kan ní Agboju gba ọ̀kan nínú fọ́tò ìrẹsì àti adìyẹ wa lọ́wọ́ ẹni tó bá wa fọ fọ́tò, ó gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní ìyàwó òun ló sè é. Mo lọ síbẹ̀ láti gba ẹ̀tọ́ ìyàwó mi. Mo gbé ìka mi tí ayùn ti gé ṣóńṣó rẹ̀ sókè, kí àwọn oníbàárà fi wé ìka tó ń nà sí adìyẹ nínú fọ́tò. Olóúnjẹ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ fọ́tò náà kúrò.

Ìyàwó mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín: "Dádì, ó mà dára tí ẹ kì í gbọ́ràn o!"