Ìgbakọ Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Àǹtí

Bí òórùn mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ewé dì bá ti gba ilé ìdáná kan ní Èjìgbò, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi lọ́tun. Itọ́ ló máa ń kún ẹnu àwọn ẹlòmíì. Èmi, ọmọbìnrin mi ni mo máa ń rí, tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ife ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo wa sì ń jẹ mọ́ínmọ́ín lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló fà á. Àǹtí ti Àbíjàn dé lẹ́yìn Iléyá, wọ́n ní àwọn á sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí fún ìyàwó ilé. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá ti wọlé, ìkòkò kì í ṣe tìrẹ mọ́. Èmi ni mò ń dáná, àwọn ni wọ́n ń bu oúnjẹ. Ìgbakọ wà lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, èmi á dúró ti ìkòkò ara mi bí àlejò.

Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nígbà náà, ó sì sanra díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ jò kí òun tó ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù. Àǹtí gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìdí rẹ̀ ti ń dà bí àpò gààrí, àwọn á fi í sí rejíìmù. Bí wọ́n ṣe ń pe ṣíṣọ́ oúnjẹ jẹ ní Àbíjàn nìyẹn. Kí ni wọ́n wá kà léèwọ̀ fún un? Ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà. Wọ́n ní ìwọ̀nyí ló ń di ọ̀rá, àti pé ẹyin àti ẹran ló ń sọ ọmọ di olè. Ẹ̀kọ, búrẹ́dì àti gààrí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Mo ní ó máa rẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé wọ́n ti rí ayé jù wá lọ.

Ọmọ ò jò, ó ń rù ni. Kó tó mu ẹ̀kọ tán ló ti ń wá búrẹ́dì kiri. Apá rẹ̀ tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Mo ń ṣa irun rẹ̀ lára òòyà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣubú lé orí maṣínì. Ọ̀kadà ni ọ̀gá rẹ̀ fi gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí mo débẹ̀, nọ́ọ̀sì ń bi í léèrè ohun tó ń jẹ. Nígbà tó dáhùn tán, obìnrin náà kọjú sí mi.

“Màmá, ohun tó yẹ kó máa jẹ lẹ gbà lọ́wọ́ ẹ. Èyí tó yẹ kó dín kù lẹ wá fi sílẹ̀ fún un.”

Ó ní ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin máa ń pẹ́ nínú, wọn kì í jẹ́ kí ebi tètè pa èèyàn. Ó ní àwọn náà ni kì í jẹ́ kí iṣan bá ọ̀rá lọ nígbà téèyàn bá ń jò.

Nígbà tá a délé, Àǹtí ti ń bu ẹ̀wà fún gbogbo ilé. Wọ́n ti ife ẹ̀kọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Mi ò kúnlẹ̀.

“Àǹtí, ẹ fún mi ní ìgbakọ yẹn.”

“Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀, ìyàwó?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

Mo gbà á. Mo bu ẹ̀wà fún ọmọ mi, mo gbé ẹja lé e. Ọkọ mi ò gbójú sókè.

Ó jò nígbẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀bà tí ò pọ̀. Irun rẹ̀ sì padà hù. Mo gbọ́ pé Àǹtí ń fi fọ́tò rẹ̀ han àwọn èèyàn ní Àbíjàn, pé rejíìmù àwọn ló ṣe é. Ọkọ mi ní kí n fi rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo wa ń bù fún àgbà nígbà tí ọmọ mi ń rù lójú wa. Bí wọ́n bá tún dé, màá kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, màá gba báàgì lọ́wọ́ wọn. Ìgbakọ á wà lọ́wọ́ mi.